Àlejò Tó Fẹ́ Bá Wa Dé Erékùṣù

Òórùn aṣọ ìgbòkun tí òjò pa tí kò sì rí oòrùn gbẹ, òun ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí mo sọ ara mi di ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni, tí ẹni tó bá ní ọ̀kan á fi kọ́ bẹ́líìtì kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti Ìkòròdú ni mo ti ń lọ lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà ni mò ń padà sí, ilé mi sì wà ní ẹ̀sítéètì kan lẹ́yìn Ìgbògbò, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà sí ọ̀sà. N kò tíì gbéyàwó. Bàbá àti màmá mi ló wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n fi ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ nítorí ojú Bàbá.

Wolé-wolé ni bàbá mi nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ onígbòkun ló máa ń wọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, tí á máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn, tí á máa yọjú sínú ìkòkò omi àwọn ará etí òkun, tí á máa wá tanwíjí. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ níbẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́tipẹ́ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, títí ó fi di pé kò mọ̀ bóyá ajá ló ń kọjá lójúde ni tàbí ọmọ ènìyàn. Dókítà ojú kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó bá ti lọ kì í padà, díẹ̀ tó kù náà yóò lọ kí ọdún tó yípo, ohun tí bàbá bá sì fẹ́ rí, kí ó yáa rí i. Nígbà tí a délé, mo bi Bàbá léèrè ohun tó fẹ́ rí. Mo rò pé yóò dárúkọ Mẹ́kà. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn erékùṣù òun lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìgbòkun ni yóò gbé òun dé ibẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ata.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò. Mo ti gba ìsinmi ọlọ́dọọdún mi sí oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀. Mo ra máàpù, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun, mo sì fi bírò pupa fa ọ̀nà wa: láti èbúté Báyékù, gba orí ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, kí a sun ilé Bàbá níbẹ̀, kí a tó wọ inú odò tóóró tó lọ sí etí òkun. Mo ra fèrè, mo ra kọ́ńpáàsì, mo ra fìlà funfun kan tó ní àwòrán ìdákọ̀ró níwájú, mo sì ń dé e nínú pálọ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn ọkọ̀. Màmá, tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, á kọjá, á wò mí, á ní, "Ọmọ tí kò lè wẹ̀ nínú báàfù ló fẹ́ tu ọkọ̀ dé òkun." Ó ní òun kò ní bá wa débẹ̀ láéláé, Ẹ̀pẹ́ ni òun yóò ti dúró dè wá, níbi tí òun ti lè máa ra ẹja ní Ọjà Olúwo pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀. Bàbá a máa rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé, èyí sì tó fún mi láti máa dé fìlà ẹ̀sín yẹn nìṣó.

Ìlàjẹ ni atukọ̀ tí mo rí ní Báyékù, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpò ìrẹsì ni ó fi rán ìgbòkun rẹ̀, a sì tún ń rí àwòrán ẹyẹ tó wà lára àpò náà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà jáde ní ìdánrawò, kí òun lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ lórí omi. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni a lọ, èmi àti òun nìkan.

A kò tíì jìnnà sí èbúté tí kùrukùru fi bo ọ̀sà mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró, ìgbòkun rọ̀ wọ̀ọ̀, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara okùn. Atukọ̀ ní kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a dúró, nítorí náà a rẹ gààrí Ìjẹ̀bú, a tú ẹja díndín kalẹ̀, a ń jẹun. Bí a ti ń jẹ ni ọkọ̀ kékeré kan yọ nínú kùrukùru. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, n kò sì gbọ́ ìró àjẹ̀ kankan. Màmá tó tọ́ mi kò fi ẹ̀kọ́ ilé ṣeré rárá. Ẹni tó bá ń jẹun tí kò pe ẹni tó ń kọjá, ẹranko ni lójú rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ẹ wá jẹun, sà."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ẹni tí a pè á ní, "Á gba ibi ire o," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó pè kò retí pé kí ó wá, ẹni tí a pè náà kò sì ní í lọ́kàn láti wá, ọ̀wọ̀ lásán ni. Ọkùnrin náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ ha, bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ tó ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní, "Mò ń bọ̀."

Atukọ̀ wò mí, èmi náà wò ó, ẹ̀rín sì pa wá. Ó ní, "Ebi ń pa èyí gan-an ni o, ọ̀gá." A sún, a fi àyè sílẹ̀, a fi ẹja díẹ̀ pamọ́ fún un. Kò wá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ tí kùrukùru sì gbéra, ọ̀sà tẹ́jú lọ rẹrẹ níwájú wa àti lẹ́yìn wa, kò sì sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. Atukọ̀ wò yíká fún ìgbà díẹ̀, ó ní bóyá ó ti gba ibòmíràn lọ. Mo jẹ ẹja rẹ̀ mọ́ tèmi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà sí Báyékù láti bá a fi ọjọ́ sí ìrìn àjò wa. Ó kí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹni yín yẹn ti wá o."

Mo ní, "Ẹni wa wo?"

"Bàbá kan báyìí, wọ́n ga, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún. Wọ́n ní ẹ pe àwọn, pé àwọn ń bá yín lọ. Wọ́n ní kí n júwe ilé yín."

"Ẹ sì júwe ẹ̀?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè wọ́n, sà. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni wọ́n." Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà lẹ́nu, ó ní, "Aṣọ wọn tutù rinrin. Òjò ò sì rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọ táì lọ́jọ́ náà, ẹni tó wọ táì kì í fẹ́ gbà pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá láti Ẹ̀pẹ́ ni. Nígbà tí mo délé, Bàbá wà lójú fáráńdà lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ wá síbí lọ́sàn-án yìí. Ọmọlúwàbí ni." Mo bi í pé ọ̀rẹ́ wo. Bàbá tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ bí ó bá nà án ní ọ̀gangan ojú sọ fún mi pé fìlà àlejò náà pupa rẹ́súrẹ́sú, pé bọ́tìnnì kan ti já ní ọrùn bùbá rẹ̀, pé àpá kan wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì. Mo wọlé lọ bọ́ bàtà.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sọ̀ọ̀sán ni àlejò náà ń wá, nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́ tí Màmá sì wà lẹ́yìnkùlé lẹ́nu iṣẹ́ ilé. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju àwọn erékùṣù lọ. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n àlejò tiwa ló ń bá bàbá mi ríran. Erékùṣù kan lójúmọ́ ló ń júwe: ibi tí iyanrìn ti funfun, ibi tí igi ẹ̀gbà ti tẹ̀ sínú omi, ilé tí wọ́n fi ọ̀pá gbé sókè, obìnrin tó ń yan ẹja nínú èéfín. Bàbá ní bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni òun ń rí i, ó mọ́ kedere, ó sàn ju ìgbà tí òun fi ojú ara òun rí i. Lálẹ́, á pè mí síbi máàpù, á ní kí n pa ìlà tí mo fà rẹ́. "Ọkọ̀ ò lè gba ibẹ̀ yẹn kọjá mọ́, iyanrìn ti dí i. Ọ̀rẹ́ rẹ ló sọ." Mo bi atukọ̀ léèrè, atukọ̀ sì ní òótọ́ ni, láti ọdún tó kọjá. Bàbá pín ìjókòó inú ọkọ̀ náà: atukọ̀ lẹ́yìn, èmi níwájú, òun ní àárín, àlejò lápá òsì òun. N kò tíì rí ẹni yìí sójú, ó sì ti gba ipò ọ̀gá ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n dá a dúró nígbà náà. Ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe é ni pé inú bàbá mi dùn, mo sì fẹ́ kí ó máa dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá pè mí lórí fóònù ní ọ́fíìsì, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Máa bọ̀ nílé." Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wá. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi. Ó ní ariwo ẹ̀rín Bàbá ló mú òun yọjú sí fáráńdà, tí òun sì rí i tó ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ àga náà tutù. Òun nù ún, ó tún tutù lójú òun, òun sì fi ìka kàn án, òun tọ́ ọ wò. Ó ní, "Omi òkun ni."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ta lo pè?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kùrukùru, gààrí, ẹja, "mò ń bọ̀." Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo rí i pé èmi náà ti mọ̀ tipẹ́. Màmá ní ẹyin lohùn, ohun tó ti ẹnu jáde kò ṣeé kó padà. Mo ní ṣé kí a lọ pe ààfáà ni, ó ní ààfáà á wá, á gbàdúrà, a ó sì ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ náà. "O pe èèyàn wá jẹun, ó wá. Láti ọjọ́ tó ti ń wá, ta ló fún un lóúnjẹ? Báwo ló ṣe fẹ́ lọ?"

Mo wọlé tọ Bàbá lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀nà ibi tí mo dúró sí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá mi. Ó ní ọ̀rẹ́ mi ti júwe gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ẹyọ kan. Mo ní èwo ló kù. Ó ní, "Èyí tó kẹ́yìn. Gbogbo ọdún tí mo fi rìn níbẹ̀, n kò mọ̀ pé ó wà. Ó ní òun ò lè júwe ìyẹn, àfi kí òun mú mi débẹ̀." Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù gan-an. Mo wò ó, arúgbó tó fẹ́ rí nǹkan kan kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ ọn lójú, mo sì mọ̀ pé bí àlejò náà bá ní kí wọ́n máa lọ nísinsìnyí, ọ̀pá rẹ̀ ni yóò mú.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá se ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé, bí wọ́n ṣe ń sè é fún àna. Lẹ́yìn ìrun Àsárì a gbé tábìlì sí fáráńdà, ó bu oúnjẹ fún Bàbá, ó bu fún mi, ó sì gbé abọ́ tó dára jù nínú ilé síwájú àga òfìfo náà. Ooru ń gòkè láti inú rẹ̀. Màmá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Ẹ má bínú pé ó pẹ́." A jẹun. Nígbà tó yá, Bàbá yí sí òsì, ó fetí sílẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Ó ní ó dùn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ oúnjẹ tí iyọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti omi." Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abọ́ náà. Ó tutù bí ìsàlẹ̀ kànga, bẹ́ẹ̀ ooru ṣì ń jáde nínú tiwa.

Màmá tún bọ́ sí iwájú àga náà. Kò gbọ̀n, ohùn tó fi ń bá òbí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló lò. "A pè yín, ẹ wá, ẹ sì ti jẹun. A dúpẹ́ pé ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi pé àga náà dún díẹ̀. Bàbá wá ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó ní, "Ó ti ń dìde. Ẹ jẹ́ kí n sìn ín sọ́nà." Ẹ̀kọ́ ilé ni, onílé kì í jẹ́ kí àlejò nìkan bọ́ sọ́nà. Màmá wò mí. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ẹ jókòó, Bàbá. Èmi ni mo pè é, èmi ni ó yẹ kí n sìn ín."

Láti ilé wa dé etí ọ̀sà kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rin ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Oòrùn ṣì ń ràn. Mò ń ka gbogbo àyà Kùránì tí mo mọ̀, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ tútù lápá òsì mi, pẹ̀tẹ̀ pẹ̀tẹ̀, n kò wo ibẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ yà fún wa ju bí wọ́n ṣe ń yà fún ẹnì kan lọ. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní ìkóríta gbé ojú sókè, ó kí mi, ó ní, "Àlejò yín ti ń lọ?" Mo ní, "Wọ́n ti ń lọ, mà." Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn dé ilé.

Nígbà tí mo dé ibi tí koríko orí omi ti kan ilẹ̀, mo dúró. Mo ní, "Ibi tí mo ti ń padà nìyí, sà. Ó dàbọ̀." Koríko náà là sí méjì bí ìgbà tí ọkọ̀ ń kọjá láàárín rẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé yẹn ló dáhùn, láti orí omi: "Ẹ kí Bàbá. Ẹ ní mò ń retí wọn."

N kò jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo sáré délé, mo sì ní àlejò ti lọ.

A ṣe ìrìn àjò wa kí ìsinmi mi tó tán. Màmá dúró ní Ẹ̀pẹ́ bí ó ti wí, atukọ̀ ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ sì dára. Bàbá jókòó ní àárín ọkọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí àlejò kò wá mọ́, díẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ ti lọ pátápátá, bí ẹni pé ẹnì kan ló fi ọwọ́ gbá a. Àwọn erékùṣù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó sì di èmi tí yóò júwe wọn. Mo ní, "Ọ̀kan nìyí lápá ọ̀tún, Bàbá. Igi àgbọn wà níbẹ̀." Ó ní báwo ni igi náà ṣe rí. Mo wò ó títí, mo ní, "Ó ga, sà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní mo ṣeun. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lọ, iyanrìn, ilé, ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, èmi ń dárúkọ, òun ń dúpẹ́, kò sì rí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ.

Nígbà tí erékùṣù tán, tí a ń gbọ́ ariwo òkun níwájú, atukọ̀ yí ọkọ̀ padà. Bàbá yí ojú sí ìjókòó òfìfo lápá òsì rẹ̀, ó dúró bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ìwọ lo sìn ín lọ?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Ohun tí ọmọ ń ṣe lo ṣe." Ó fi ọwọ́ kan pákó ìjókòó náà, ó gbẹ. "Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan tí kò tíì fi hàn mí."

Bàbá gbé ọdún mélòó kan sí i lọ́dọ̀ mi. Àìsàn kò ṣe é, ó jẹun, ó wà láyé tí mo fi gbéyàwó, ó gbé ọmọ mi sí itan rẹ̀, ọwọ́ ni ó sì fi mọ ojú ọmọ náà. Kò tún sọ̀rọ̀ erékùṣù mọ́, n kò sì tún rí i kí ó rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn ọ̀sán yẹn. Nígbà tó kú, Màmá ní kí n má fi ọ̀rọ̀ náà da ara mi láàmú, pé kò sí ọmọ tó ń fi bàbá rẹ̀ fún àlejò. Mo gbà. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, èmi náà ni màá tún dìde lórí àga, tí màá ní kí ó jókòó. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá ń gba ọ̀nà Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí omi sì yọ láàárín igi, mo máa ń fẹ́ mọ bí erékùṣù kan ṣoṣo yẹn ṣe rí. Ẹ̀rù a sì máa bà mí pé mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.